Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Lókè Òkun: Ìbéèrè Tí Àwọn Ọmọ Òṣogbo Àti Òbí Wọn Ń Béèrè Jù

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ní gbogbo ìgbà tí èsì WAEC bá jáde, tàbí tí àwọn àgùnbánirọ̀ bá parí sísìnrú ìlú. A kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le. Òfin físà a máa yí padà lójijì, nítorí náà ẹ wo ojú ewé ìjọba orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà wo ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀?

Ó kéré tán, ọdún kan ṣáájú. Ní ìlú Ọba, oṣù kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Ní Jámánì, oṣù kẹwàá ni sáà òtútù ń wọlé, ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ kì í sì í gba ìwé mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 15 oṣù keje. Ẹni tó ń wá sikọ́láṣíìpù tún gbọ́dọ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó máa ń fa ìdádúró jù kì í ṣe físà, transcript ni, ìyẹn ìwé tí ilé-ìwé fi ń ṣàkójọ gbogbo èsì yín. Ilé-ìwé tí ẹ ti jáde ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ tààrà, wọn kì í fi í lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó jáde ní Ifẹ̀ tàbí ní UNIOSUN, kó tètè sanwó, kó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wádìí ibi tó dé dúró. Ẹ má fi tẹlifóònù nìkan ṣe é.

Àwọn ìwé wo ni mo gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́?

Páspọ́ọ̀tù, NIN, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, èsì WAEC tàbí NECO, sábúkéètì, transcript, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ méjì tó mọ̀ yín dáadáa. Ẹ tètè lọ bẹ àwọn olùkọ́ náà. Lẹ́tà tí wọ́n fi ìkánjú kọ lóru kì í gbe ènìyàn.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2025, páspọ́ọ̀tù olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún ti di ₦100,000, olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá sì ti di ₦200,000. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń san án. Ọ́fíìsì ìmígírésọ̀nì wà ní Òṣogbo níbí, kò sí ìdí tí ẹ fi máa wọkọ̀ lọ Ìbàdàn nítorí ẹni tó ní òun mọ ènìyàn níbẹ̀.

Orúkọ mi yàtọ̀ láti ìwé kan sí òmíràn. Ṣé wàhálà ni?

Wàhálà gidi ni. Ẹ lè rí ọmọ kan tó jẹ́ Oluwaseun lórí WAEC, tó jẹ́ Seun lórí NIN, tó tún jẹ́ Oluwasheun tó ní "h" láàárín lórí ìwé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí orúkọ bàbá rẹ̀ sì ṣáájú níbì kan, tó kẹ́yìn níbòmíràn. Lójú tiwa, ọmọ kan náà ni. Lójú òṣìṣẹ́ físà tí kò mọ ìlú wa, ènìyàn mẹ́ta ni.

Ẹ fi ohun tó wà lórí WAEC ṣe òdiwọ̀n, torí òun ló ṣòro jù láti yí padà. NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí inú rẹ̀ ni páspọ́ọ̀tù ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Bí ìyàtọ̀ bá ṣì kù, ẹ lọ búra ní kóòtù, kí ẹ sì gbé e sínú ìwé ìròyìn. Obìnrin tó ti lọ́kọ, kó mú ìwé ìgbéyàwó dání. Kò sí ohun tó burú nínú kí orúkọ ọkọ wà lórí páspọ́ọ̀tù kí ti bàbá sì wà lórí sábúkéètì, bí ìwé tó so wọ́n pọ̀ bá ti wà.

Ṣé dandan ni IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Kì í ṣe níbi gbogbo. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ìlú Ọba ń gba C6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì WAEC dípò rẹ̀. Ẹ kọ̀wé bi ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó lọ sanwó ìdánwò. Bí ẹ bá ṣe é, ọdún méjì péré ni èsì rẹ̀ ń lò, nítorí náà ẹ má ṣe é tètè jù.

Tú-tú ni mo fi jáde. Ṣé wọ́n á gbà mí?

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ìlú Ọba ń gba tú-tú fún másítáàsì, pàápàá fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Sikọ́láṣíìpù ló máa ń le fún tú-tú. Ẹni tó ní HND náà ń rí ààyè, àmọ́ àwọn ilé-ìwé kan á ní kó kọ́kọ́ ṣe PGD, ìwé ẹ̀rí tó wà láàárín dìgírì àkọ́kọ́ àti másítáàsì.

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama. Ṣé ó lè lọ pẹ̀lú WAEC nìkan?

Kì í sábà ṣeé ṣe tààrà. Ní ìlú Ọba, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ ṣe ọdún ìpìlẹ̀ kan, owó gọbọi sì ni. Ní Jámánì náà, WAEC nìkan kì í sábà tó láti wọ yunifásítì. Èrò tiwa ni pé bí ọmọ bá rí ààyè níbí, kó gba dìgírì àkọ́kọ́ nílé, kó wá lọ fún másítáàsì. Owó tó máa ná yóò dín gan-an, yóò sì ti mọ ohun tó ń wá kó tó lọ.

Ibo ló dára jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀?

Jámánì, fún ẹni tó bá lè fara da ìdúró. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ilé-ìwé, yàtọ̀ sí owó sáà tí kò pọ̀. Ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ni ẹ fi máa ṣọ́ra: láti 2017 ni wọ́n ti ń gba €1,500 ní sáà kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àjèjì tí kì í ṣe ará Yúróòpù. Másítáàsì tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wà níbẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n Jámánì fẹ́ kí ẹ kó owó oúnjẹ àti ilé ọdún kan sínú àkáǹtì tí wọ́n ń tì pa, €11,904 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ní 2024. €992 ni wọ́n á máa yọ fún yín lóṣooṣù. Owó yín ni, ẹ máa ná an, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pé kí ẹ tó gbéra. Ẹ tún tètè wá ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà, torí ó máa ń pẹ́ kó tó kàn yín.

Sikọ́láṣíìpù wo ló jẹ́ òótọ́?

Chevening ti ìjọba ìlú Ọba jẹ́ òótọ́. Ó ń san ohun gbogbo fún másítáàsì ọlọ́dún kan, àmọ́ ó ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì ó kéré tán lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń gba ìwé rẹ̀. Commonwealth wà, DAAD ti Jámánì wà, Erasmus Mundus náà wà, tí ẹ ó ti kàwé ní orílẹ̀-èdè méjì ó kéré tán. Ètò BEA tí ìjọba àpapọ̀ fi ń rán ọmọ lọ sí Rọ́ṣíà, Morocco àti ibòmíràn ti dópin ní 2025. Ẹni tó bá ṣì ń gbowó lórí rẹ̀, ẹ sá fún un.

Kò sí ìkankan nínú àwọn sikọ́láṣíìpù yìí tó ń gba owó fọ́ọ̀mù.

Ṣé kí n lo ejẹ́ǹtì?

Ẹ lè ṣe é fúnra yín. Bí ẹ bá fẹ́ lo ejẹ́ǹtì, ẹ mọ̀ pé yunifásítì ló ń san kọ́míṣọ́ọ̀nù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà ilé-ìwé tó ń sanwó fún un ni yóò máa yìn fún yín. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn.

Ohun kan wà tí a kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ẹ má jẹ́ kí ejẹ́ǹtì fi íméèlì tirẹ̀ forúkọ yín sílẹ̀. Ẹni tó ni íméèlì ló ni ọ̀nà. Bí ìjà bá dé, ọwọ́ rẹ̀ ni lẹ́tà ìgbàwọlé yín yóò wà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka owó tó gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún físà ìlú Ọba?

Owó ilé-ìwé ọdún àkọ́kọ́ tó kù láti san, pẹ̀lú owó oúnjẹ àti ilé fún oṣù mẹ́sàn-án. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra, láìdín. Ọjọ́ tí sitétímẹ́ǹtì báńkì parí kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí ẹ bá sanwó físà.

"Láìdín" yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ lára. Ká ní ìyá tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ti kó owó ọmọ rẹ̀ pé. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ọjà dé láti Kánò, ó yọ ₦400,000 láti fi gbà á, ó sì dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Owó pé, àmọ́ ọjọ́ 28 ti já, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ yà á sí àkáǹtì tí kò ní káàdì ATM, tí wọn kì í fi ṣòwò. Kí ẹ sì fi owó kún un ju iye tí wọ́n béèrè, torí náírà lè wálẹ̀ láàárín oṣù kan kó dín iye rẹ̀ ní pọ́n-ùn kù.

Ẹ má gbàgbé owó ìlera, £776 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, àti àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn IOM, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, ní Ìkẹjà tàbí Àbújá. Oṣù mẹ́fà ni ìwé rẹ̀ ń lò.

Bùrọ̀dá mi tó wà ní Èkó lówó lọ́wọ́. Ṣé àkáǹtì rẹ̀ ṣeé lò?

Rárá. Níbi yìí ni òfin ìlú Ọba àti ìṣe ẹbí tiwa kò ti bára mu. Àkáǹtì yín, ti bàbá tàbí ìyá tó bí yín, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, ni wọ́n ń gbà. Bùrọ̀dá, àǹtí, àbúrò bàbá, ọ̀gá ibi iṣẹ́, wọn kì í ka owó wọn sí, bí ó ti wù kó pọ̀ tó.

Ìfẹ́ ẹbí kò ṣòfò o. Kí bùrọ̀dá fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín tàbí ti ìyá yín, kó sì jẹ́ owó tí kò ní béèrè padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 28 yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lo àkáǹtì òbí, ẹ fi ìwé ọjọ́ ìbí yín sí i, pẹ̀lú lẹ́tà tí òbí fọwọ́ sí pé òun gbà kí ẹ ná an.

Wọ́n ní àwọn kan ń ya sitétímẹ́ǹtì fún ènìyàn. Ṣé kò ṣeé ṣe?

Ẹ má ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ físà máa ń kàn sí báńkì láti wádìí. Bí wọ́n bá rí i pé ìwé náà kì í ṣe òótọ́, ìlú Ọba lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín fún ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ bá sì lọ sí Kánádà tàbí ibòmíràn lẹ́yìn náà, wọ́n á béèrè bóyá wọ́n ti kọ físà fún yín rí, ẹ kò sì gbọdọ̀ purọ́ níbẹ̀ náà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì pé, kó sún un sí ọdún tó ń bọ̀. A ti rí ọmọ tó fi ọdún kan dúró tó sì lọ. Ẹni tó fi ìwé èké lọ, ìgbésí ayé rẹ̀ ló ń fi ta tẹ́tẹ́.

Kí ni kí n kó sínú báàgì?

Ìwé gbogbo, nínú báàgì ọwọ́. Ẹ̀wù òtútù, ẹ rà á níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà níbí kò tó fún òtútù wọn. Gààrí, èlùbọ́, ata gbígbẹ, ó dára. Ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àti ohunkóhun tí wọ́n fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ wọ ìlú Ọba, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ni. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ìlú Ọba bá tiwa mu, ti Jámánì kò bá a mu. Ẹ mú adìrẹ Òṣogbo méjì tàbí mẹ́ta dání, ẹ ó rí ẹni tí ẹ máa fún.

Olùkọ́ mi ní kí n máa pe òun ní orúkọ. Ṣé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ ṣe é. Kì í ṣe àrífín lọ́dọ̀ wọn. Ó le fún ọmọ tí wọ́n tọ́ pé kó dọ̀bálẹ̀, kó má wo ojú àgbà, kó má sì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tó jù ú lọ. Níbẹ̀, ẹni tó dákẹ́ ní kíláàsì, wọ́n á rò pé kò ka ìwé ni. Ẹ wo olùkọ́ lójú, ẹ béèrè ìbéèrè, ẹ sọ pé ẹ kò gbà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá padà délé, ẹ ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

Ohun tó léwu ni àdàkọ. Kí ènìyàn kó ọ̀rọ̀ inú ìwé ẹlòmíràn láìdárúkọ ẹni tó ni ín, tàbí kó sanwó fún ẹni tó máa bá a kọ iṣẹ́, wọ́n lè lé e fún un. Sọ́fíwíà ni wọ́n fi ń yẹ gbogbo iṣẹ́ wò. Ilé ìkàwé wọn ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí ìwé, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ lọ.

Wákàtí mélòó ni mo lè fi ṣiṣẹ́?

Ní ìlú Ọba, 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, fún ẹni tó ń ṣe dìgírì. Ìsinmi ló ń fàyè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ másítáàsì, ẹ ṣọ́ra: àkókò ooru tí àwọn tó kù ń sinmi, àkókò tí ẹ̀yin ń kọ iṣẹ́ ìwádìí ni, kì í ṣe ìsinmi fún yín. Ní Jámánì, ọjọ́ 140 gbáko ni lọ́dún, tàbí ìlàjì ọjọ́ 280.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ irun dì, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Ọba kò gba iṣẹ́ àdáni rárá. Dídi irun fún owó nínú yàrá, gbígbé oúnjẹ kiri fún áàpù, sísè jọ̀lọ́ọ̀fù tà fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ ló lòdì sí òfin, kódà bí kò pé wákàtí márùn-ún. Ẹ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó máa fi yín sórí ìwé owó oṣù.

Ṣé mo lè mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ dání?

Láti oṣù kìíní 2024, ìlú Ọba kì í gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ másítáàsì lásán mọ́. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí bíi PhD, tàbí ẹni tí ìjọba rán, ni wọ́n ń fún láyè. Ẹ jókòó sọ ọ́ nílé kí ẹ tó sanwó ilé-ìwé.

Ìdánìkanwà ń dà mí láàmú. Kí ni mo lè ṣe?

Ó wọ́pọ̀, pàápàá ní oṣù kejìlá, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú ní Lọ́ńdọ̀nù kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Oṣù kẹjọ náà máa ń ká àwọn ọmọ wa lára, tí àwọn ará ilé bá ń fi fídíò Arugbá ránṣẹ́. Ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláásí tí Yorùbá wà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ti san owó ìlera. Yunifásítì ní àwọn tó ń gbọ́ tẹni láìgbowó, ohun tí ẹ bá sọ fún wọn kì í dé etí olùkọ́.

Ẹni tó bá wà ní Jámánì, kó wọkọ̀ ojú irin lọ sí Bayreuth lọ́jọ́ kan. Iwalewahaus wà níbẹ̀, ilé àṣà tí Ulli Beier, ará Jámánì tó bá àwọn ayàwòrán Òṣogbo ṣiṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1981, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo sì wà lára ohun tí wọ́n kó pamọ́. Kí ọmọ Òṣogbo bá iṣẹ́ ọwọ́ ìlú rẹ̀ pàdé láàárín òtútù, ó ń gbé ọkàn ró.

Wọ́n ń béèrè owó láti ilé, èmi náà kò ní. Kí ni kí n sọ?

Ẹ sọ òótọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lú iye. Ẹ sọ owó tó ń wọlé fún ìyá yín, owó ilé, owó ọkọ̀, iye tó kù. Ohun tí àwọn ará ilé kò mọ̀ ni wọ́n fi ń rò pé ẹ háwọ́. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó ń fi wákàtí 20 ṣiṣẹ́ kò tíì di ẹni tó ń kọ́lé. Ẹ jẹ́ kó kàwé tán.

Náírà ṣubú, owó ilé-ìwé kò pé mọ́. Ṣé wọ́n á lé mi?

Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ lẹ́yìn oṣù kẹfà 2023, nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀, tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi ₦470, tó sì kọjá ₦1,500 ní 2024. Àṣìṣe tó burú jù ni kí ẹ fara pamọ́. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó kí ọjọ́ sísan tó kọjá, ẹ ní kí wọ́n pín in fún yín, kí ẹ sì béèrè bóyá owó ìrànwọ́ wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ìṣòro. Bí yunifásítì bá yọ orúkọ yín, dandan ni kó sọ fún ìjọba, físà yóò sì tẹ̀lé e.

Mo ti parí. Ṣé mo ṣì gbọ́dọ̀ sìnrú ìlú?

Bí ó bá jẹ́ dìgírì àkọ́kọ́ ni ẹ gbà lókè òkun, tí ẹ kò sì tíì lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ẹ jáde, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n, ìwé ìyọ̀ǹda ni yóò gbà. Ẹni tó ti sìn kó tó lọ ṣe másítáàsì kò ní sìn mọ́.

Wọ́n á béèrè WAEC yín, sábúkéètì tí Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ní Àbújá ti yẹ̀ wò, àti ojú ewé páspọ́ọ̀tù tó fi ìgbà tí ẹ jáde àti ìgbà tí ẹ wọlé hàn. Nítorí náà, ẹ má sọ páspọ́ọ̀tù àtijọ́ nù tí ẹ bá gba tuntun. Bí wọ́n bá gbé yín sí Ọ̀ṣun, Ẹdẹ ni àgọ́ wà.

Ní ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ òfin lóde gbọ́dọ̀ ṣe Bar Part I ní Nigerian Law School kó tó dé Part II. Dókítà gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò MDCN, àjọ tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà.

Kutọnu ni mo ti gba dìgírì mi. Kí ni kí n ṣe?

Ní oṣù kìíní 2024, lẹ́yìn tí oníròyìn kan gba dìgírì níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìjọba àpapọ̀ dá yíyẹ ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo wò dúró. Ọmọ tó jókòó kàwé ní tòótọ́ wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá, ó sì dùn wá. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ní Àbújá bóyá yunifásítì yín wà lára àwọn tí wọ́n mọ̀. Ẹ kó páspọ́ọ̀tù tó ní òǹtẹ̀ ibodè, ìwé owó tí ẹ san àti èsì sáà kọ̀ọ̀kan jọ.

Ṣé mo lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́?

Ní ìlú Ọba, físà akẹ́kọ̀ọ́jáde ń fún yín ní ọdún méjì, mẹ́ta fún PhD. Ẹni tó bá béèrè fún un láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2027 yóò gba oṣù 18, àyàfi PhD. Ẹni tí Chevening rán kò ní àyè yìí, àdéhùn ni àdéhùn.

N kò rí másítáàsì náà parí. Ọwọ́ òfo ni mo máa bọ̀ wálé ni?

Ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Ọba, kírẹ́díìtì 180 ló ń di másítáàsì. Ẹni tó bá ti yege nínú 120 lè gba ìwé ẹ̀rí PgDip, ẹni tó ní 60 lè gba PgCert. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀, wọ́n á kàn kó ẹrù. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka yín pé ẹ fẹ́ gba ohun tí ẹ ti ṣiṣẹ́ fún, kí ẹ gba transcript pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ọdún mélòó ni àyè ṣì wà láti padà wá parí èyí tó kù. Ẹ ṣe é kí wọ́n tó ti íméèlì ilé-ìwé yín pa.